Orí Pípá, Irun Bíbọ́ àti Ìtọ́jú Wọn: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Àìsàn Irun Orí Ọkùnrin

1.0 Ìfáárà

Ní òpópónà Ọba Akínjọbí, ní Ìkẹjà GRA, ni ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASUTH wà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1955 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kékeré. Ní ọdún 2001 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà fi ń kọ́ àwọn dókítà. Kò jìnnà sí i ni àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà wà, níbi tí May & Baker, ilé-iṣẹ́ apòògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1944, ní ibùjókòó. Ní Àgídìngbí, tí kò jìnnà sí ibẹ̀ pẹ̀lú, ni Radio Lagos ti ń fi èdè Yorùbá bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Oníṣègùn, apòògùn, olóògùn àti agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni ó wà ní ìtòsí ara wọn báyìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì mú lò nípa àìlera kan ni ará ìlú yóò mú lọ sílé.

Àpẹẹrẹ kan ni ti ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ń dínkù. Ilé ìwòsàn kọ́ ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Onígbàjámọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ rí àtàrí rẹ̀, òun ni yóò sì sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, orí yín mà ń pá o.” Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ olóògùn òyìnbó, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà nínú ọjà, tí yóò sọ fún wọn pé òun ń fẹ́ òògùn orí pípá. Bóyá làpálàpá ni ó wà lórí rẹ̀ o, bóyá ibà ni ó ṣe é ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn o, bóyá ìran bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn o, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Bí orúkọ bá sì ti jẹ́ ọ̀kan, òògùn yóò jẹ́ ọ̀kan lójú ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ohun méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti ya oríṣiríṣi àìsàn irun sọ́tọ̀, bí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè bá lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè rẹ̀. Èkejì ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìtọ́jú àti ìwòsàn ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá pe ọ̀kan ní èkejì lè mú kí aláìsàn ná owó rẹ̀ dànù, tàbí kí ó fi ara rẹ̀ wewu.

2.0 Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin

Mẹ́rin ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn Yorùbá nípa irun tí ń kúrò lórí: pá, rẹ̀, bọ́ àti já. Ẹni tí kò bá kíyè sí wọn lè rò pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní.

Orí ni ó ń pá. Irun kì í pá. Láti ara pá yìí ni apárí ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa ipò tí orí wà, kò sọ ohun tí ó ṣe irun. Ohun tí ó sì máa ń wà lọ́kàn ẹni tí ó sọ ọ́ ni orí tí ń dán, tí ó dé díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní padà sí bí ó ti wà. Òwe tí ó sọ pé “Apárí fojú di abẹ” fi èrò yìí hàn: ọ̀rọ̀ irun ti tán lọ́dọ̀ apárí, kò sí ohun tí abẹ lè fi í ṣe mọ́.

Rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún ewé, òdòdó tàbí èso tí àkókò rẹ̀ ti pé tí ó sì já bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé irun ń rẹ̀, ó yẹ kí ó yé olùgbọ́ pé igi kò tíì kú, àti pé òmíràn lè yọ ní ipò èyí tí ó lọ.

Bọ́ gbòòrò ju méjèèjì lọ. Eyín ń bọ́, èékánná ń bọ́, irun náà ń bọ́. Ohun tí ó bọ́ ti kúrò ní ibi tí ó fìdí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sọ bóyá òmíràn yóò hù.

Já ni ti okùn. Irun tí ó já kò fa ìdí rẹ̀ yọ. Ara irun ni ó gé sí méjì, ìyókù sì wà nínú awọ orí. Èyí ni ó ń ṣe irun tí wọ́n fi ooru tàbí kẹ́míkà pa lára.

Fún iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìperí, bọ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àpapọ̀. Irun bíbọ́ yóò dúró fún ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní alopecia, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe tì í láti ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí àwọn Gíríkì ti ṣe náà nìyẹn. Láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ alopecia, nítorí pé èkúrú a máa mú kí irun ara ẹranko náà bọ́. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú orúkọ náà. Àpèjúwe tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, àti ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bamgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ará ilé mọ̀ ni ìpìlẹ̀ tí ó dára jù fún ọ̀rọ̀ tuntun.

3.0 Àpò irun

Kí ìtọ́jú irun tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ibi tí irun ti ń hù. Àwọn kan ń pe ibẹ̀ ní gbòǹgbò irun, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ihò irun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àbùkù tirẹ̀. Bí wọ́n bá fa irun tu, gbòǹgbò bá a jáde. Síbẹ̀ irun mìíràn yóò hù níbẹ̀. Ihò, ní tirẹ̀, jẹ́ ojú lásán, kò sì lè dá ohunkóhun. Ohun tí ó ń dá irun ni ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó rì sínú awọ orí bí àpò, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ láti ìsàlẹ̀. Orúkọ Látìn rẹ̀ pẹ̀lú túmọ̀ sí àpò kékeré. Nítorí náà, àpò irun ni ó bá a mu jù.

Àpò irun tí ó wà lórí ènìyàn tó nǹkan bí 100,000. Ìgbà mẹ́ta ni ó wà nínú ìgbésí-ayé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà ìdàgbà ni ó gùn jù: ọdún méjì sí mẹ́fà ni irun fi ń gùn, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Lẹ́yìn èyí ni ìgbà ìyípadà, tí kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ìgbà ìsinmi ni ó kẹ́yìn. Ó ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ní òpin rẹ̀ ni irun yóò rẹ̀, tí òmíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àgbẹ̀ mọ irú ètò yìí: ilẹ̀ tí ó ti so yóò sinmi kí ó tó tún so. Nítorí pé ìgbà ìsinmi àwọn àpò irun kò papọ̀, irun 50 sí 100 lè rẹ̀ lórí ènìyàn lóòjọ́ láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe é.

Ìbéèrè tí ó ya gbogbo ẹ̀yà irun bíbọ́ sí ọ̀nà méjì ni èyí: ṣé àpò irun ṣì wà, àbí ó ti bàjẹ́? Bí ó bá ṣì wà, ìrètí wà. Bí àpá bá ti rọ́pò rẹ̀, òògùn kankan kò lè mú irun hù níbẹ̀ mọ́. Àbá tí ó tẹ̀lé èyí ni irun bíbọ́ aláìlápàá àti irun bíbọ́ alápàá.

4.0 Orí pípá gan-an

Bí irun bíbọ́ bá ti di ọ̀rọ̀ àpapọ̀, orí pípá yóò ṣẹ́kù fún ẹ̀yà kan ṣoṣo, èyí tí àjogúnbá àti họ́mónù ọkùnrin ń fà. Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́nu ará ìlú bá a mu, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni í dé, kì í dunni, awọ orí kì í sì í pààrọ̀ àwọ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ iwájú orí méjèèjì tàbí láti àtàrí, ṣùgbọ́n irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀bá etí kì í lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó ń rí i kí wọ́n tó pé 50 ọdún tàbí ní déédéé ìgbà náà. Kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James B. Hamilton, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1942 pé họ́mónù ọkùnrin lọ́wọ́ sí i. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà kì í parí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún wọn ní họ́mónù náà, orí àwọn tí ìran wọn ń parí a bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ní ọdún 1951 ó ṣe ìpele-ìpele orí pípá. Ní ọdún 1975 ni O'Tar Norwood tún un ṣe sí ìpele méje tí àwọn oníṣègùn ń lò títí di òní.

Họ́mónù tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní tààrà ni wọ́n ń pè ní DHT. Láti ara testosterone ni ó ti ń jáde, ẹ́ńsáìmù kan ni ó sì ń yí i padà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ẹbí kan ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic tí àìtó ẹ́ńsáìmù yìí ń bá àwọn ọmọkùnrin wọn láti inú oyún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, orí wọn kò pá, pròsítéètì wọn, ìyẹn kókó ara tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, sì kéré. Láti inú ìmọ̀ yìí ni òògùn kan ti jáde, èyí tí àlàyé rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí DHT ń ṣe ni pé ó ń sọ àpò irun di kékeré, ó sì ń gé ìgbà ìdàgbà rẹ̀ kúrú. Irun tí ó ń yọ níbẹ̀ yóò máa tín-ín-rín sí i, yóò máa kúrú sí i, títí yóò fi dà bí irun ara ọmọ ìkókó. Kì í ṣe pé àpò irun kú lójijì. Ìdí nìyí tí gbólóhùn náà, “gbòǹgbò irun rẹ̀ ti kú”, fi ṣi ọ̀nà: ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó tún lè rí ìrànlọ́wọ́ rò pé ó ti pẹ́ jù, nígbà tí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dán láti 20 ọdún sẹ́yìn ń ra òògùn tí kò lè ṣe é lóore.

Àwọn àṣìrò méjì wọ́pọ̀. Àwọn kan gbà pé fìlà, tàbí akoto líle tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń dé, ni ó ń mú orí pá. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú awọ orí ni àpò irun ti ń rí oúnjẹ, láti inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀dọ̀ bàbá ìyá nìkan ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti lè wá.

5.0 Ìtọ́jú kì í ṣe ìwòsàn

Nínú èdè Yorùbá, wò ni ọ̀rọ̀-ìṣe ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ oníṣègùn, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí pé, “Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú.” Nígbà tí sàn bá wọlé tì í ni ó di wò sàn, tí ìwòsàn ti jáde. Ìwòsàn ní òpin: àìsàn ti lọ, òògùn ti tán. Ìtọ́jú kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọ́jú yóò bàjẹ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Kò sí ìwòsàn fún orí pípá títí di òní. Ìtọ́jú ni ó wà, ó sì yẹ kí atúmọ̀ èdè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

5.1 Minoxidil. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni èyí jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń gbé e mì ṣàkíyèsí pé irun ń hù lára wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1988, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń fi pa orí fún ọkùnrin. Ìdá 5 nínú 100 ni èyí tí ó lágbára fún ọkùnrin, ìgbà méjì lóòjọ́ ni wọ́n ń fi omi rẹ̀ pa awọ orí tí ó gbẹ. Ó ń mú ìgbà ìdàgbà irun gùn sí i. Ó sábà máa ń gba oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ irun sì lè máa rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé irun tuntun ń ti èyí tí ń sinmi jáde. Ẹni tí kò mọ èyí yóò da òògùn náà nù ní àkókò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá dá a dúró, ohun tí ó mú hù yóò tún lọ láàrin oṣù díẹ̀. Ó lè mú kí awọ orí máa yún. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó lò ó. Àwọn dókítà kan ń fún ènìyàn ní èyí tí wọ́n ń gbé mì ní ìwọ̀n kékeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ni láti pinnu bẹ́ẹ̀.

5.2 Finasteride. Èyí ni òògùn tí ó jáde láti inú ìmọ̀ ọdún 1974. Ó ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, ó sì ń mú DHT inú ẹ̀jẹ̀ dínkù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí hóró tí ó jẹ́ mílígíráàmù 5 fún pròsítéètì tí ó wú ní ọdún 1992, àti mílígíráàmù 1 fún orí pípá ní ọdún 1997. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin 1,553 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, irun àtàrí kò dínkù mọ́ lórí ìdá 83 nínú 100 àwọn tí ó lò ó fún ọdún méjì. Lára àwọn tí ó gba hóró òfìfo, ìdá 28 péré ni. Lára àwọn tí ó lò ó, nǹkan bí mẹ́rin nínú 100 ni wọ́n ní ìṣòro ìbálòpọ̀. Lára àwọn tí kò lò ó, nǹkan bí méjì ni.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kò gbọdọ̀ fo nínú ọ̀rọ̀ òògùn yìí. Àkọ́kọ́ ni ti aboyún: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró tí ó ti fọ́, nítorí ewu tí ó wà fún ọmọkùnrin inú oyún. Èkejì ni ti ọkàn: ní ọdún 2025, àjọ tí ń bójú tó òògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èrò láti pa ara ẹni wà lára ohun tí òògùn náà lè mú wá, ẹni tí ìbànújẹ́ bá dé bá nígbà tí ó ń lò ó gbọ́dọ̀ dá a dúró kí ó sì rí dókítà. Ẹ̀kẹta kan àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé jẹjẹrẹ pròsítéètì wọ́pọ̀ láàrin wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ PSA ni wọ́n fi ń ṣọ́ àrùn náà. Finasteride ń mú kí iye PSA wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì, láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ lọ. Bí ọkùnrin ẹni 55 ọdún kò bá sọ fún dókítà pé òun ń lo “òògùn irun”, nítorí pé òun kò kà á sí òògùn gidi, dókítà yóò rí iye tí ó kéré, yóò sì ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Níbi báyìí ni àṣìlò orúkọ ti lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Dutasteride bá finasteride tan, ó sì lágbára jù ú lọ. Orílẹ̀-èdè Kòríà Gúúsù fọwọ́ sí i fún orí pípá ní ọdún 2009, Jàpáànù ní ọdún 2015.

5.3 Àtúngbìn irun. Ní Jàpáànù, Shoji Okuda kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí ní ọdún 1939. Ní ọdún 1952, Norman Orentreich ṣe é ní New York, ó sì fi hàn nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1959 pé àpò irun tí wọ́n mú láti ìpàkọ́ kò pààrọ̀ ìwà rẹ̀ bí wọ́n bá gbìn ín sí iwájú orí: DHT kì í rí i gbé ṣe. Orúkọ náà, àtúngbìn, dára nítorí pé ó sọ òtítọ́. Iṣẹ́ náà kò dá irun tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò fi kún iye àpò irun. Ṣíṣí ni ó ń ṣí i nípò. Ọkùnrin tí ìpàkọ́ rẹ̀ kò ní irun púpọ̀ kò ní irúgbìn. Lára aláwọ̀ dúdú, àpò irun tẹ̀ bí dòjé nínú awọ, nítorí náà ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò gé e sí méjì nígbà tí ó bá ń yọ ọ́. Ẹni tí àpá rẹ̀ sì máa ń wú ga gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí abẹ tó kan orí rẹ̀.

5.4 Òróró àti àdí. Àdí àti òrí ń mú awọ orí rọ̀, wọ́n sì ń dáàbò bo irun kí ó má baà já. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìwádìí kò fi hàn pé wọ́n ń dá DHT dúró. Ìtọ́jú irun jíjá ni wọ́n. Ìtọ́jú orí pípá kọ́. Ní ti èyí tí wọ́n ń tà nínú ike, ohun tí ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò ni nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti ṣọ́ oúnjẹ àti òògùn.

6.0 Irun bíbọ́ tí kì í ṣe orí pípá

Àwọn ẹ̀yà tí ó kù ni ó ń jìyà jù nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ìwòsàn.

Irun rírẹ̀ ni èyí tí ó ń dé ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ebi tàbí ìbànújẹ́ ńlá. Ara sáré ti ọ̀pọ̀ àpò irun sí ìgbà ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Irun yóò máa kúrò káàkiri orí, kì í ṣe ní ibì kan. Ó sábà máa ń tún hù fúnra rẹ̀ láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ra òògùn olówó ńlá ní àkókò náà yóò máa yin òògùn fún iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ṣe.

Làpálàpá orí wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín tí ó bá olú tan ni ó ń fà á. Irun a máa já ní ìdí, awọ orí a sì máa ṣí èépá. Ìpara nìkan kò lè wò ó sàn, nítorí pé ó ti wọ inú àpò irun lọ. Òògùn gbígbé mì bíi griseofulvin tàbí terbinafine ni ó ń lé e, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rọ ìgẹ̀run tí onígbàjámọ̀ kò fọ̀ mọ́ lè gbé e láti orí kan sí èkejì.

Irun bíbọ́ olóbìrìkìtì ni ti ibi tí ó ṣí róbótó, tí ó ń dán, tí ó lè yọ lójijì lórí tàbí ní àgbọ̀n. Àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn ni ó ń bá àpò irun jà. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún sí ojú ibẹ̀ wà fún èyí tí ó kéré. Fún èyí tí ó le, wọ́n fọwọ́ sí baricitinib ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022. Ẹ̀yà yìí ni àwọn ará ilé sábà máa ń kà sí iṣẹ́ ọ̀tá, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ mọ́jú.

Irun bíbọ́ alápàá ni èyí tí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Èyí tí ó kan ọkùnrin jù ní àdúgbò wa ni ti kókó ìpàkọ́: lẹ́yìn fífá irun mọ́lẹ̀ léraléra, awọ ìpàkọ́ a yọ kókó kéékèèké, kókó a sì di àpá líle tí irun kì í hù lórí rẹ̀. Bí ó bá tètè dé ilé ìwòsàn, kí ó má fá ibẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, kí ó sì lo òògùn tí dókítà fún un, ni ohun tí ó sábà máa ń dá a dúró. Bí ó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni yóò kù.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irun ni ó ń tú àṣírí àrùn mìíràn. Rẹ́kórẹ́kó lè mú kí irun orí ṣí kálẹ̀kálẹ̀ bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Abẹ́rẹ́ penicillin ni ó ń wò ó sàn. Ẹ̀tẹ̀ a máa mú irun ìpéǹpéjú lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “orí rẹ ni ó ń pá” ní irú ipò wọ̀nyí yóò ra ìpara irun, àrùn yóò sì máa jẹ ẹ́ nínú.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí

Irun bíbọ́: ọ̀rọ̀ àpapọ̀ fún gbogbo ẹ̀yà.
Orí pípá: èyí tí àjogúnbá àti họ́mónù ọkùnrin ń fà, òun nìkan.
Irun rírẹ̀: irun tí ó kúrò ní òpin ìgbà ìsinmi, tí òmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀.
Irun jíjá: irun tí ara rẹ̀ gé, tí ìdí rẹ̀ sì wà nínú awọ.
Irun bíbọ́ olóbìrìkìtì: èyí tí ó ṣí róbótó, tí ọmọ-ogun ara ń fà.
Irun bíbọ́ alápàá: èyí tí àpá ti rọ́pò àpò irun.
Àpò irun: ẹ̀yà ara tí ó ń dá irun.
Ìgbà ìdàgbà, ìgbà ìyípadà, ìgbà ìsinmi: ìgbà mẹ́ta inú ìgbésí-ayé àpò irun.
Àtúngbìn irun: ṣíṣí àpò irun láti ibì kan sí ibòmíràn lórí ẹni kan náà.
Ìtọ́jú: ohun tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá dá a dúró.
Ìwòsàn: ohun tí ń mú àìsàn lọ, tí òògùn fi ń tán.

Họ́mónù àti ẹ́ńsáìmù wà gẹ́gẹ́ bí àyálò, nítorí pé wọ́n ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé tí ó gbé ìtumọ̀ wọn láìdín. Orúkọ òògùn wà bí ó ti wà lára páálí rẹ̀, kí aláìsàn lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ olóògùn.

8.0 Àsọkágbá

Orí pípá kì í pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò sì kà á sí nǹkan kan. Fífi í sílẹ̀ bí ó ti wà jẹ́ ọ̀nà kan tí ó tọ́ bí òògùn ti tọ́. Ṣùgbọ́n yíyàn náà kò lè jẹ́ ti ọkùnrin náà àyàfi bí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe é ní pàtó. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ pá, rẹ̀, bọ́ àti já, bí atúmọ̀ èdè bá kọ ìtọ́jú síbi tí ìtọ́jú wà, bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá sì pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ Ìkẹjà yóò lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe orí pípá o, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín wò ó.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò gbé ọkùnrin náà dé ẹnu-ọ̀nà ilé ìwòsàn nígbà tí ìwòsàn ṣì wà fún un.